James Van Der Zee: Onífótò Tí Ó Bọlá fún Àwọn Ará Àdúgbò Rẹ̀

Bí òbí kan bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ fi ilé ayé rẹ̀ ṣe, tí ọmọ náà sì dáhùn pé iṣẹ́ fótò ni òun fẹ́ kọ́, inú irú òbí bẹ́ẹ̀ kì í sábà dùn. Àwa tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí mọ ìdí rẹ̀. Dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, olùkọ́ àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n kọ́ wa láti máa fojú iyì wò. Ní ti onífótò, ẹni tí a ń ránṣẹ́ pè ni nígbà tí ìyàwó bá ń lọ sí ilé ìsìn, tàbí nígbà tí òkú àgbà bá sùn. Bí ayẹyẹ bá ti parí, a ó san owó rẹ̀, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ìtàn ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí ó fi ìyàwó àti òkú, ọmọ ìkókó àti ọmọ ẹgbẹ́, jẹun fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún ní ìlú New York, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ayé ti rí ojú odindi ìran kan lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni James Van Der Zee.

Ọjọ́ 29 oṣù Okúdù, ọdún 1886, ni wọ́n bí i ní Lenox, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ọdún 21 péré ni ó ti kọjá lẹ́yìn tí òfin orílẹ̀-èdè náà dá àwọn ẹrú sílẹ̀. John ni orúkọ bàbá rẹ̀, Susan sì ni ti ìyá rẹ̀. Kí wọ́n tó wá sí Lenox, àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní New York nínú ilé Ulysses Grant, ẹni tí ó ti jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí. Ní Lenox, bàbá náà di olùtọ́jú ilé ìsìn ní ìjọ Trinity, èyí tí í ṣe ti àwọn Episcopal, ìbátan ìjọ Áńgílíkà tiwa. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, James sì ni èkejì. Wọn kò lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n orin àti àwòrán kò wọ́n nínú ilé náà. James mọ dùùrù tẹ̀, ó sì mọ violin ta dáadáa.

Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ó rí ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan tí ó ṣèlérí kámẹ́rà fún ọmọdé tí ó bá bá wọn ta àwọn àpò kékeré olóòórùn dídùn tí àwọn obìnrin ń fi sáàárín aṣọ. Ó tà á tán, wọ́n sì fi kámẹ́rà náà ránṣẹ́. Kámẹ́rà ọ̀hún kò dára rárá. Ọmọ mìíràn ì bá ti jù ú nù kí ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n James tún ṣiṣẹ́, ó kó owó jọ, ó sì ra òmíràn tí ó sàn jù ú lọ. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ bí a ṣe ń fọ fótò nínú òkùnkùn. Àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ará ìlú ni ó kọ́kọ́ yà. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé láti orí kámẹ́rà yẹn ni ó ti bọ́ sórí iṣẹ́ gidi. Nígbà tí ó pé bí ọmọ ogún ọdún, ó bá bàbá rẹ̀ àti arákùnrin rẹ̀ lọ sí New York láti wá iṣẹ́. Ó ṣe agbáwo nílé oúnjẹ. Ó ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè nínú ilé alájà púpọ̀. Ó ta violin, ó tẹ dùùrù níbi àríyá, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Ní ọdún 1907 ó gbé Kate Brown níyàwó, wọ́n sì lọ gbé ní ìpínlẹ̀ Virginia fún ìgbà díẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọbìnrin wọn, Rachel. Níbẹ̀ náà ni ó ti ya fótò àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Whittier, èyí tí ó wà lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Hampton tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹrú tí ó ti gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n padà sí New York, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Emil, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dàgbà tí ó fi kú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìgbéyàwó náà tú ká.

Ọdún 1915 ni ìlẹ̀kùn kékeré kan ṣí sílẹ̀ fún un. Ó rí iṣẹ́ sí ẹ̀ka fótò nínú ilé ìtajà ńlá kan tí a ń pè ní Gertz ní Newark, létí New York. Kì í ṣe pé wọ́n gbà á láti máa ya ènìyàn. Yàrá òkùnkùn ni wọ́n fi í sí, kí ó máa fọ fótò tí ọ̀gá rẹ̀ bá yà. Nígbà tí ọ̀gá náà kò bá sí nílé ni ó máa ń dúró nídìí kámẹ́rà. Ọ̀gá a máa ya oníbàárà ní kíá kí ó lè pe ẹlòmíràn wọlé. James a máa fi ara balẹ̀, a tún ìjókòó ẹni ṣe, a gbé orí rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti bá a. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbà tí wọ́n mọ̀ pé òun ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ fiyè sí èyí: inú yàrá òkùnkùn ni ó ti fi bí yóò ṣe ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ hàn.

Arábìnrin rẹ̀ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ orin àti iṣẹ́ ọnà ní Harlem, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ ní àyè kékeré kan fún fótò. Nígbà tí ó yá, òun àti Gaynella, obìnrin tí ó di ìyàwó rẹ̀ kejì, ṣí sítúdíò tiwọn ní òpópó 135 ní nǹkan bí ọdún 1916. Guarantee Photo Studio ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe sítúdíò ìfọwọ́sọ̀yà. Orúkọ náà fi bí ó ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ hàn. Bí fótò kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò fẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ òun.

Ó yẹ kí a mọ irú ibi tí Harlem jẹ́ nígbà náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúdú ń sá kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń so ènìyàn rọ̀ sórí igi láìsí ìdájọ́, tí òṣì sì ti gbilẹ̀ nínú oko òwú. Àwọn mìíràn ń wá láti àwọn erékùṣù Caribbean. Harlem ni púpọ̀ nínú wọn dé sí. Àwọn ìwé ìròyìn àti káàdì tí wọ́n ń tà káàkiri Amẹ́ríkà sì kún fún àwòrán ẹ̀sín nípa wọn: ètè wúruwùru, aṣọ àkísà, ojú òmùgọ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bà lórúkọ jẹ́, níbo ni yóò ti rí ojú ara rẹ̀? Ní sítúdíò Van Der Zee ni. Ẹni tí ó ń fọ aṣọ fún àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò wọ aṣọ ìsinmi rẹ̀, yóò jókòó sórí àga dáradára níwájú aṣọ ìkélé tí wọ́n ya ọgbà àti òdòdó sí, onífótò yóò sì ṣe sùúrù fún un bí ẹni pé ìyàwó gómìnà ni. Fótò yẹn ni yóò fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé.

Àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ 369, àwọn ará Harlem tí wọ́n ja Ogun Àgbáyé Kìíní ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n sì gba oyè akíkanjú, wá yà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ lára aṣọ wọn. Bill Robinson oníjó, Countee Cullen akéwì àti Joe Louis ajẹ̀ṣẹ́ jókòó fún un. Ó ya àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ẹgbẹ́ ìyá àti àwọn pásítọ̀, lára wọn sì ni Adam Clayton Powell ti ìjọ Onítẹ̀bọmi Abyssinian. Ní ọdún 1924, Marcus Garvey fi í ṣe onífótò ẹgbẹ́ rẹ̀, UNIA, ẹgbẹ́ tí ó ń wá ìṣọ̀kan àwọn ènìyàn dúdú káàkiri ayé, tí ó sì ti ní ẹ̀ka ní Èkó tiwa níhìn-ín láti ọdún 1920. Bí a bá rí fótò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lónìí tí wọ́n wọ aṣọ oyè tí wọ́n ń yan lójú òpópó Harlem, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Van Der Zee ni ó yà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó gba àròjinlẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti ya fótò tán, yóò mú nẹ́gátíìfù, èyí tí wọ́n fi ń tẹ fótò jáde, yóò sì fi ohun èlò ṣóńṣó tún un ṣe. Eyín tí ó wọ́, yóò tọ́ ọ. Ojú tí ó hunjọ, yóò dán an. Bí obìnrin kan kò bá ní ẹ̀gbà ọrùn, ó lè ya ọ̀kan sí i lọ́rùn. Nígbà mìíràn yóò tẹ nẹ́gátíìfù méjì pọ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo. Fótò kan wà tí ó ṣe ní ọdún 1926, tí a ń pè ní Future Expectations, ìyẹn ni ìrètí ọjọ́ iwájú. Ìyàwó àti ọkọ wà nínú aṣọ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ọmọbìnrin kékeré kan wà tí ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín, tí ó ń fi ọmọlangidi ṣeré. Ọmọ tí wọn kò tíì bí ni.

Ǹjẹ́ irọ́ ha kọ́ ni èyí? Àwọn kan ti bi í léèrè bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ti wí pé ebi àti ìyà Harlem kò hàn tó nínú fótò rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò hàn tó. Ní ọdún 1932, nígbà tí iṣẹ́ ti wọ́n bí ojú ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó ya ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n wọ ẹ̀wù onírun olówó ńlá, pẹ̀lú ọkọ̀ Cadillac tí ń dán gbinrin. Fótò yẹn gbajúmọ̀ ju gbogbo èyí tí ó kù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye àwọn tí ó sùn láìjẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà ní láti wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe ìwàásù ìsìnkú rí mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà sọ òtítọ́ nípa ènìyàn. A lè ka gbogbo àbùkù rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ka ẹ̀sùn ní kóòtù. A sì lè sọ ohun tí ó gbìyànjú láti jẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè mọ ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀. Àwọn tí ń ya àwòrán ẹ̀sín ti fi àbùkù tí kò sí kún àbùkù. Van Der Zee fi ohun èlò rẹ̀ ṣóńṣó yọ díẹ̀ kúrò nínú ẹrù náà.

Ó tún ya àwọn òkú. Ní ayé ìgbà náà, ẹbí púpọ̀ ní Harlem a máa pe onífótò wá sí ilé tí wọ́n tẹ́ òkú sí. Ó máa ń fi àwòrán áńgẹ́lì, ẹsẹ Bíbélì, tàbí fótò tí olóògbé yà nígbà ayé rẹ̀ kún ojú fótò náà, kí ìrètí lè bá ìbànújẹ́ jókòó sójú kan náà. Ní ọdún 1927 iṣẹ́ náà dé inú ilé tirẹ̀. Rachel kú nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ogún ọdún tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Bàbá rẹ̀ ya fótò ìsìnkú rẹ̀, bí ó ti ya ti ọmọ àwọn ẹlòmíràn. Kò ní ọmọ mìíràn láyé mọ́. Ẹni tí ó bá tún wo fótò ìgbéyàwó ọdún 1926 yẹn, pẹ̀lú ọmọ tí ó dà bí èéfín, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe é ti sin ọmọ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sin èkejì.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Kámẹ́rà kékeré ti wọ́pọ̀, olúkúlùkù sì ń ya ara rẹ̀. Van Der Zee ń ya fótò ìwé ìrìnnà, ó sì ń tún fótò àtijọ́ tí ó ti ya ṣe fún àwọn tí wọ́n fi í ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Gbèsè ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1967, onífótò ọ̀dọ́ kan, Reginald McGhee, ń wá àwọn fótò àtijọ́ fún ìpàtẹ kan lórí Harlem ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Metropolitan, ó sì yà sí sítúdíò bàbá arúgbó yìí. Ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ nẹ́gátíìfù àti fótò níbẹ̀, tí wọ́n tò jọ fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún sójú púpọ̀ nínú wọn.

Wọ́n ṣí ìpàtẹ náà, Harlem on My Mind, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1969. Awuyewuye pọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà láti fi ẹ̀hónú hàn pé wọn kò gba iṣẹ́ àwọn ọlọ́dà àti agbẹ́gilére Harlem wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wọlé rí fótò Van Der Zee ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó di gbajúmọ̀ ní ẹni ọdún 82. Ní ọdún kan náà ni wọ́n lé òun àti Gaynella jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé, tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́, fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Òkìkí kò san gbèsè. Ìbànújẹ́ ọjọ́ náà kó àìsàn bá Gaynella, ó sì kú ní 1976. Ọ̀ràn ẹni tí ó ni àwọn fótò náà ní tòótọ́ di ẹjọ́ ní kóòtù, wọn kò sì parí rẹ̀ kí bàbá náà tó kú.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi alẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìsí fìtílà. Ní ọdún 1978 ó gbé Donna Mussenden níyàwó, ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí gidigidi, tí ó tọ́jú rẹ̀, tí ó tún ilé ṣe, tí ó sì gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́ padà. Ní ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Muhammad Ali wá jókòó níwájú rẹ̀, ayàwòrán ọ̀dọ́ Jean-Michel Basquiat sì wá ní 1982. Ní oṣù Ẹ̀bibi ọdún 1983, ó lọ sí Washington láti gba oyè ìdánilọ́lá ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Howard. Kò padà sílé mọ́. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni ó sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún 96. Ní ọdún 2021, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan, pẹ̀lú Studio Museum ti Harlem, gba ìṣúra iṣẹ́ rẹ̀ sípamọ́: nǹkan bí 20,000 fótò àti 30,000 nẹ́gátíìfù.

Ẹ̀yin òbí, n kò sọ ìtàn yìí láti tan ọmọ yín jẹ. Iṣẹ́ fótò lè ṣẹ́ni níṣẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò owó, kí ó mọ ohun tí ń bẹ nínú ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i, kí ó sì ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn fún ìgbà ọ̀dá, gẹ́gẹ́ bí orin ti jẹ́ fún James. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní sùúrù, bí ó bá sì lè bọ̀wọ̀ fún aláṣọ kan bí ó ti ń bọ̀wọ̀ fún olóyè, ẹ má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ tálákà ni. Ìpè ni, bí tiwa náà ti jẹ́ ìpè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún ní àkókò àjọ̀dún yìí. Fótò ilé-ẹ̀kọ́ wa wà nínú àpótí àti lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì púpọ̀ nínú wa: àwọn olùkọ́ wa, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tí ó ti lọ. Ojú wọn ń wò wá, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí lẹ́yìn ìwé. Nígbà tí ó bá ku ẹnìkan ṣoṣo tí ó dá wọn mọ̀, tí ẹni náà sì lọ, wọ́n di àlejò sí àwọn ọmọ tiwọn. Ẹ mú wọn jáde. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn wọn, kí ẹ sì kó ẹ̀dà wọn fún ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà tí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè.